Ọ̀pá Tí Tebano Ní Ó Ti Sán

Ọ̀pá ìpẹja mẹ́ta ni Tebano tẹ́ sórí pẹpẹ onígi iwájú ilé rẹ̀ ní Tabwakea, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí wọ́n sì ti jẹ ìrẹsì àti ẹja tán. Ó jókòó tì wọ́n bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó ti aláìsàn. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni yóò gbé lọ sójú omi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀kan yẹn ni yóò sì sọ bóyá iṣẹ́ ṣì kù fún un ní erékùṣù Kiritimati tàbí kò kù mọ́.

Ojú rẹ̀ ló fà á. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe amọ̀nà fún àwọn àlejò lórí ilẹ̀ yanrìn inú ọ̀sà, níbi tí omi kò ti kọjá orúnkún, tí ó ń tọ́ka sí ẹja ikari fún wọn, ẹja funfun tí ó dà bí òjìji dígí. Ṣùgbọ́n oòrùn àti iyọ̀ ti ń san ẹ̀san lára rẹ̀. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń hù láti kọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì ti ń rá wọ ẹyinjú. Láti nǹkan bí ọdún kan, ibi tí kò sí ẹja ni Tebano ń tọ́ka sí. Àwọn àlejò rò pé ẹja ti sá ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nei Rotia, aya rẹ̀, nìkan ló mọ̀, òun náà kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀: ó rí i ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ ń da ẹmu àgbọn sí ẹ̀gbẹ́ ife.

Nígbà náà ni Nei Tiroi, obìnrin tí ó ni ilé àlejò tí Tebano ń bá ṣiṣẹ́, sọ pé òun ń wá amọ̀nà kan fún ọkọ̀ tuntun tí yóò máa lọ sí etí òkúta iyùn, níbi tí ilẹ̀ òkun ti já sínú òkùnkùn. Urua ló wà níbẹ̀, ẹja abìjà tí àgbà rẹ̀ lè wúwo tó ènìyàn, tí ó máa ń yọ sójú omi láti fọ́ ohun tí ó bá ń sá níwájú rẹ̀. Amọ̀nà ibẹ̀ kò nílò ojú tí ń rí ẹja láàárín yanrìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó ju ẹja igi kan tí kò ní ìwọ̀ lára jìnnà réré, kí ó sì máa fà á padà tí yóò fi máa pariwo lójú omi, gbọ̀ɔ́, gbọ̀ɔ́, títí urua yóò fi lé e dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Nígbà náà ni àlejò yóò ju ìwọ̀ oníyẹ́ tirẹ̀ síwájú ẹja náà. Bí ẹja igi bá dákẹ́ bí ìṣẹ́jú ojú, tàbí tí ó bá fò jáde kúrò nínú omi, urua á mọ̀ pé ìtànjẹ ni, á sì yí ẹ̀yìn padà. Ọwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọwọ́ Tebano kò sì tíì fọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Nei Tiroi yóò dán an wò.

Nítorí èyí ló ṣe ń yẹ àwọn ọ̀pá náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ó tilẹ̀ ti yẹ̀ wọ́n wò lánàá. Ó so kẹ́gì omi lítà márùn-ún mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ibi tí ìtẹ̀ wọn dé.

Ti dúdú ni àlejò ará Japan kan fi sílẹ̀ fún un. Ó ń dán, ó sì gan bí irin. Kẹ́gì omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ orí rẹ̀. Ó lágbára, ṣùgbọ́n kì í bá ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ti àwọ̀ ewé gùn jù, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ àti ìlàjì. Ó ń ju nǹkan jìnnà, àmọ́ ìdí rẹ̀ rọ̀: bí a bá fà á, ọ̀pá á kọ́kọ́ tẹ̀ tán kí ẹja igi tó mọ̀ pé wọ́n fa òun. Ti pupa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínǹṣì mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tebano wọ̀n ọ́n kí ó má baà ṣì í. Orí rẹ̀ tẹ̀, àyà rẹ̀ tẹ̀ lé e, ìdí rẹ̀ sì dúró gbọn-in. Bí ẹja igi bá gbé omi mì, ọ̀pá yìí á sọ fún un. Bí koríko òkun bá kọ́ ọ, á sọ. Bí omi bá sì ru nítorí ohun ńlá tí ń bọ̀ lẹ́yìn, Tebano á gbọ́ ọ nínú egungun ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Kò sí ọ̀pá mìíràn ní erékùṣù náà tí ó lè ríran fún un.

Ó ń tú kẹ́gì omi kúrò lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró alùpùpù.

"Moantau nìyẹn," ni Nei Rotia wí láti ẹnu ọ̀nà. "Kó wọn wọlé."

"Ó ti rí wọn."

"Kò tíì rí wọn. Kó wọn wọlé, ọkùnrin yìí!"

Ṣùgbọ́n Moantau ti yọ ní abẹ́ igi àgbọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Tebano ni, ó fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Òun ló ń tu ọkọ̀ fún Nei Tiroi, òun ló sì bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó gba Tebano síṣẹ́ ní ọjọ́ pípẹ́ sẹ́yìn. Ọkùnrin tó tóbi ni, tí ẹ̀rín rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọ ilé.

"Mauri o! Háà! Tebano, o ti wá di oníyàwó mẹ́ta? O sì tẹ́ wọn síta kí gbogbo àdúgbò lè wò wọ́n!"

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó."

"Mo ti ń jókòó. Rotia, ṣé o rí orogún ẹ báyìí? O ò lè lù wọ́n, wọ́n gùn jù ẹ́ lọ." Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gun orí pẹpẹ, ó sì rọra yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kí ó má baà dá orí ọ̀pá kankan kọjá. "Wá sọ fún mi. Èwo ni ààyò?"

Tebano fa kẹ́gì omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń bọ̀ wá bí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá ni ọ̀pá ń jẹ́."

"Irọ́ ni. Kò sọ́kùnrin tó ní mẹ́ta tí kò ní ààyò." Moantau gbé ti dúdú, ó mì í, ó sì yínmú. "Èyí le bí ọkàn àna mi." Ó gbé ti àwọ̀ ewé. "Èyí ò burú." Ó wá gbé ti pupa. Ó mì í lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó mì í lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń tẹ́tí sí nǹkan.

Nei Rotia gbé ife ẹmu àgbọn méjì wá. 

"Ọ̀pá mi kán lọ́jọ́ Ẹtì," ni Moantau wí, kò sì gbé ojú kúrò lára ti pupa. "Mo gbé e sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo gbàgbé, mo sì sọ ẹ́ńjìnnì lé e lórí. Ìwọ náà mọ̀ pé bí mi ò bá lọ sétí òkun lálẹ́ Sátidé, ilé mi kì í rí ẹja jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Nítorí náà, àbúrò mi, mo wá tọrọ."

Bubuti nìyẹn. Láàárín wọn, ẹni tí ìbátan rẹ̀ bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, fífún ló máa fún un. Ó lè fún un pẹ̀lú ẹ̀rín, ó lè fún un kí ó sì lọ sunkún ní yàrá, àmọ́ kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò fún un. Ẹni tí ó bá kọ bubuti, orúkọ rẹ̀ á di ohun tí wọ́n ń sọ ní ilé ìpàdé abúlé nígbà tí kò sí níbẹ̀. Kò sì tíì sí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé bàbá Tebano tí ó kọ ọ́ rí.

Ẹnu Moantau ti ń là láti dárúkọ èyí tí ó fẹ́. Ìka rẹ̀ ṣì wà lára ti pupa.

"Kì í ṣe ìyẹn, ẹ̀gbọ́n," ni Tebano wí kánkán. "Ìyẹn ti sán."

"Ó ti sán?"

"Ó ti sán."

"Níbo? Mi ò rí nǹkan kan."

"Lábẹ́ ọ̀dà ni. Ojú ò lè rí i. Etí ni mo fi gbọ́ ọ. Ó dún kẹ́ẹ́ nígbà tí mo fà á. Mi ò lè fún ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tó máa fọ́ mọ́ ọn lójú."

Ọ̀rọ̀ náà jáde létòlétò débi pé ẹ̀rù ba Tebano fúnra rẹ̀.  Moantau gbé ọ̀pá pupa náà lélẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin.

"Àánú ẹ ṣe mí. Ọ̀pá tó dáa ni. Àmọ́ má jẹ́ kí n rí i lọ́wọ́ ẹ mọ́ o. Ṣé o fẹ́ kí ojú ẹ fọ́ ni?"

Tebano fa ọ̀pá pupa sún mọ́ ara rẹ̀.

"Fún mi ní ti àwọ̀ ewé yẹn."

"Ó ti di tiyín, ẹ̀gbọ́n."

Moantau mu ẹmu rẹ̀ tán, ó fi Nei Rotia ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó so ọ̀pá mọ́ alùpùpù rẹ̀, ó sì lọ. Eruku kò tíì balẹ̀ tí Nei Rotia fi wí pé:

"Ọjọ́ wo ló sán?"

Tebano ń nu ọ̀pá pupa pẹ̀lú aṣọ.

"Mo ní ọjọ́ wo ló sán, kí n lè mọ ohun tí n óò sọ bí wọ́n bá bi mí."

"Má sọ nǹkan kan."

"Ẹyin lohùn o, Tebano." Ó kó ife méjèèjì, ó sì wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oòrùn kò tíì ga tí Tebano fi dé etíkun ilé àlejò. Ó gbé ọ̀pá méjì dání. Ó fi aṣọ dì wọ́n papọ̀, kí ó lè yan èyí tí yóò lò nígbà tí wọ́n bá ti fi ẹnu ọ̀sà sílẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbìmọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kò rántí pé Moantau ni yóò máa tu ọkọ̀. Àbí ó rántí, tí ó kàn fẹ́ gbàgbé? Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ó lè mọ nǹkan kí ó má sì mọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ alápá náà, tí igi kan nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó má baà dojú dé, ti wà nínú omi, igi apá rẹ̀ ń lu ìgbì pẹ́pẹ́. Moantau wà nídìí ẹ́ńjìnnì. Àlejò ọjọ́ náà, Haddon, arúgbó ará Ọsirélíà kan tí ìpẹ́npẹ́jú rẹ̀ funfun, jókòó láàárín, ó di ọ̀pá ìwọ̀ oníyẹ́ rẹ̀ mú. Nei Tiroi dúró nínú omi dé orúnkún, ó na ọwọ́ sí Tebano.

"Tebano, dúró ná. Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀pá ẹ pupa ti sán?"

Tebano rò pé òun ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ni.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Moantau ni. Má bínú sí i. Ó ní ojú á máa tì ẹ́ láti sọ ọ́, torí pé òun lo máa ń lò. O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ ilé àlejò mìíràn lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ọ̀pá fọ́, ègé rẹ̀ gbá àlejò lójú, ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ọkọ̀. Ọ̀pá tó bá ti sán ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ mi."

Láti ìdí ọkọ̀, Moantau gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè sí i pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni tó ti bá àbúrò rẹ̀ gbé ẹrù tó wúwo. Tebano wò ó, ó wo Nei Tiroi, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí ó wí pé:

"Ti dúdú ni mo máa lò."

Ó tú aṣọ, ó yọ ti dúdú, ó sì tẹ́ ti pupa sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nínú aṣọ rẹ̀.

Nei Tiroi bá wọn wọ ọkọ̀ láti wo iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn. Ó yẹ kí ìyẹn ran ọwọ́ lọ́wọ́. Tebano dúró ní iwájú ọkọ̀, ó ju ẹja igi. Ó lọ jìnnà, ó balẹ̀. Ó fà á, ó sì fà á. Ọ̀pá dúdú kò sọ nǹkan kan fún un. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló rí, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ lórí omi.

"Urua!" ni Moantau ké. "Méjì! Apá ọ̀tún, wọ́n ń bọ̀! Tebano, má dá a dúró, má dá a dúró, ọmọ bàbá mi!"

Tebano fa ọ̀pá pẹ̀lú gbogbo èjìká rẹ̀. Ọ̀pá tó gan kò mọ bí a ṣe ń rọra bẹ̀rẹ̀. Ẹja igi fò sókè kúrò nínú omi, ó sì ṣubú ní ẹ̀gbẹ́, ó dákẹ́.

"Háà," ni Moantau wí. "Wọ́n ti padà."

Ní ibi kejì, ọ̀kan ṣoṣo ló jáde, ó tóbi, Moantau ní ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìkòkò. Ó tẹ̀ lé ẹja igi tó mítà mẹ́wàá. Haddon ti dìde. Ẹja igi tún fò. Urua yí padà, ó ta ìrù, omi sì pa dé.

 Nei Tiroi wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo etí òkúta iyùn, níbi tí omi ti ń fà.

"Ibì kan ló kù kí omi tó lọ tán," ni ó wí. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ìyẹn gan-an ló burú nínú rẹ̀: bí ẹni tó ti pinnu, tó sì ń wá bí òun yóò ṣe sọ ọ́ kí ó má baà dùn ún ló ṣe sọ ọ́.

Moantau darí ọkọ̀ lọ sí ibi kẹta. Tebano wo aṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ó ronú nípa ilé, nípa ìgbà tí yóò jókòó sórí pẹpẹ láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí yóò máa gbọ́ ìró ọkọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń wà kọjá.

"Nei Tiroi. Ẹ jẹ́ kí n lo ti pupa."

"Èyí tó sán?"

"Kò sán."

Moantau pa ẹ́ńjìnnì. Ariwo ìgbì nìkan ló kù, àti ìró omi lábẹ́ igi apá.

Nei Tiroi yíjú láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì. "Moantau sọ fún mi pé ó sán. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi lọ́fíìsì." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Moantau, mo gbọ́ pé àbúrò ìyàwó ẹ náà ń wá iṣẹ́ yìí. Mi ò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ṣé o fẹ́ kí n kà á sí ni?"

 Moantau kò wo Nei Tiroi rárá. Ó tẹjú mọ́ Tebano, pẹ̀lú ojú ẹni tí ń dúró kí wọ́n sọ fún un pé kì í ṣe bí òun ṣe gbọ́ ọ.

Tebano rí i pé ọ̀nà kan là sílẹ̀ níwájú òun. Kò ní láti sọ ohunkóhun. Bí ó bá kàn dákẹ́, ọ̀rọ̀ yóò já lé Moantau lórí, ọ̀pá pupa yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà yóò sì ku ẹni kan ṣoṣo tí ń wá a. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà kò gùn ju kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ó ti gùn jù.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò purọ́," ni ó wí. "Èmi ni mo purọ́ fún wọn. Wọ́n wá tọrọ ọ̀pá lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sì mọ̀ pé òun ni wọ́n máa mú. Mo bá ní ó ti sán."

Nei Tiroi sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó ṣèèṣì já wọ ilé níbi tí ènìyàn ti bọ́ra sí ìhòòhò. Haddon béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Tebano tú aṣọ náà. Ó so okùn mọ́ igi ìdábùú ọkọ̀, ó fún bíréèkì kẹ̀kẹ́ tí ń ká okùn ọ̀pá mọ́lẹ̀ pátápátá, ó wá fa ọ̀pá pupa sẹ́yìn títí ó fi tẹ̀ kọrọdọ dé ibi tí ó dì í mú, iṣan ọrùn rẹ̀ sì yọ síta. Ó ka oókan dé ogún sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Bí ọ̀pá bá sán, níbẹ̀ ni yóò ti fọ́. Kò fọ́. Kò tilẹ̀ dún.

"Jù ú," ni Nei Tiroi wí.

Ó jù ú. Ọ̀pá náà gbé ẹja igi kúrò ní èjìká rẹ̀ bí ẹni tí ń ju ọmọ rẹ̀ sókè láti bá a ṣeré. Ó gbọ́ bí ó ṣe balẹ̀ nínú ọwọ́ rẹ̀ kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ó fà á: gbọ̀ɔ́. Omi wọ ẹnu ẹja igi, ó jáde. Gbọ̀ɔ́. Kò rí ohunkóhun yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn. Ó ń retí ohùn Moantau láti ẹ̀yìn rẹ̀, ohùn tí ń sọ pé apá ọ̀tún, apá òsì. Kò gbọ́ ọ. 

Gbọ̀ɔ́. Gbọ̀ɔ́.

Nígbà náà ni okùn rọ̀ díẹ̀, bí ẹni pé ohun kan ń ti omi bọ̀ láti ẹ̀yìn ẹja igi. Ó gun ọ̀pá wá sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ó ń bọ̀," ni Tebano wí fúnra rẹ̀. "Ọ̀kan ni. Ó tóbi. Haddon, múra."

Ó yára fà, kò jẹ́ kí ó fò, kò jẹ́ kí ó dákẹ́. Ìwúwo yẹn ń tẹ̀ lé e, ó ń sún mọ́ ọn. Ohun tó kù báyìí nìkan ni ọwọ́ kò lè ṣe: kí ó já ẹja igi gbà kúrò lójú omi ní àkókò tí ẹnu urua bá là, kí ìwọ̀ àlejò lè rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá yá jù, ẹja á padà. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹja á gé okùn lọ. Ojú ló ń mọ àkókò yẹn, Tebano kò sì ní i. Mítà mẹ́wàá ni àbí méje? Kò mọ̀. Òógùn ń ro sí ojú rẹ̀. Ó fà á, ó tún fà á, ó sì mọ̀ pé òun ti fẹ́ ṣì í.

"Báyìí," ni Moantau wí.

Kò ké e. Kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Tebano já ẹja igi gbà sókè, ìwọ̀ oníyẹ́ Haddon balẹ̀ sí ojú ibẹ̀ gan-an, omi sì là gbàùù bí ìgbà tí wọ́n bá ju òkúta ọlọ sí i. Arúgbó náà kígbe. Okùn rẹ̀ ń sá, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń han. Ìjà náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Urua dorí kọ ẹ̀gbẹ́ òkúta iyùn, okùn sì já. Haddon jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní òun fẹ́ padà wá.

Nei Tiroi mí kanlẹ̀. "Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ìdájí, Tebano. Àlejò méjì ni." Ó yíjú sí etíkun títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, Moantau ń fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ ẹ́ńjìnnì. Tebano gbé ọ̀pá pupa lọ bá a. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tọrọ ẹ̀."

Moantau da omi sí ẹ́ńjìnnì. "Kí ni kí n tọrọ? Mo ti tọrọ. O sì ti fún mi."

"Ẹ gbà á, ẹ jọ̀ọ́."

"A kì í gba ohun tí a ò tọrọ. Gbé e kúrò níwájú mi, omi á ta sí i lára." Ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ti ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Tebano ìbá fẹ́ kí ó bú òun. "Má dààmú. Mi ò ní tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ mọ́."

Tebano jókòó sórí yanrìn. Ọ̀pá wà lórí itan rẹ̀, iṣẹ́ sì wà ní Ọjọ́bọ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀. Moantau fọ ẹ́ńjìnnì tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún, bí ẹni pé òun nìkan ló wà ní etíkun.

"Èmi ni mo fẹ́ tọrọ," ni Tebano wí níkẹyìn.

Aṣọ ìnuwọ́ dúró.

"Ojú mi ń lọ, ẹ̀gbọ́n. Ó ti tó ọdún kan. Mi ò rí urua òní. Mi ò rí ìkankan nínú wọn. Ọ̀pá yìí ló ń sọ fún mi títí wọ́n á fi dé ìtòsí, lẹ́yìn ìyẹn mi ò mọ nǹkan kan mọ́. Bí ẹ ò bá ti sọ 'báyìí', ó ti bọ́. Mo wá tọrọ ojú yín. Kí ẹ máa sọ ọ́ fún mi, lójoojúmọ́ tí a bá jáde."

Moantau wò ó, ó sì wo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì dáadáa, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún náà. 

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó o fi purọ́."

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn."

"Òmùgọ̀ ni ẹ́. Ká ní o sọ fún mi, ṣé mo máa mú un ni?" Ó ju aṣọ ìnuwọ́ sínú ọkọ̀. "Mi ò lè kọ̀ ọ́. O mọ̀ pé mi ò lè kọ̀ ọ́. Àmọ́ mi ò ní máa jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kí n máa bá ẹ pa irọ́ kejì mọ́ sẹ́nu. Nei Tiroi gbọdọ̀ gbọ́."

"Ó máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi."

"Ó lè gbà á."

Ọ́fíìsì Nei Tiroi kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí ibẹ̀. Tebano dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ̀rù ń bà á ju bí ó ti bà á lójú omi lọ. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí Moantau kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ńlá rẹ̀, kò wò ó, ó dé ẹnu ọ̀nà ṣáájú rẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn.

"Mauri, Nei Tiroi," ni ó wí. "Ẹ má dìde. Àwa méjèèjì la wá tọrọ nǹkan."